Iyán Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Yìn

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ títí, iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi í parí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn bí ìgbà mélòó kan. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iyán tí kò tilẹ̀ tó ogún ọdún, tí ó jẹ́ ọdún méjìlá péré, yóò jó èmi fúnra mi lọ́wọ́. Tútù ni iyán náà tutù o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ó tutù débi pé epo ọbẹ̀ dì mọ́ ọn lára. Síbẹ̀, ó jó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, n kò sì ní dárúkọ ìlú tó wà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀nà tí a ń gbà láti Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ Èkìtì tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kwara, níhà Osí, Ìlọ́fà àti Obbo. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà náà yóò rò pé òun mọ ibẹ̀. Kò burú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò mọ síbẹ̀ nìkan, bóyá ẹ̀yin náà ti jẹ irú rẹ̀ ní àdúgbò yín láàárọ̀ yìí.

Ní ọdún 2012 ni mo kọ́kọ́ jẹun níbẹ̀. Mo ń lọ sí Ìlọ́fà nígbà náà, ebi sì ń pa mí bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi ni. Kí á tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ ìró odó, gbì, gbì, gbì. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló yí odó ńlá kan ká lẹ́yìnkùlé, méjì ń gún, méjì ń sinmi, òógùn sì bo gbogbo wọn. Màmá tó ni ibẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi omi ra ọwọ́, ó ń yí iyán kiribiti-kiribiti sínú abọ́. Bí ó bá ti bá kókó kan pàdé báyìí, á dá iyán náà padà sínú odó, á sì bú ọmọ tó gún un. Ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ìsápá sè ni mo fi jẹ ẹ́, ẹran ìgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. ₦400 ni mo san. Nígbà tí mo jẹun tán, ó di pé kí n di àga mú kí n tó lè dìde.

Mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá tí kò yà síbẹ̀, kò tíì gba ọ̀nà náà rárá. Ó dùn mọ́ àwọn ènìyàn, ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín sí i, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ìwé ìròyìn ṣe rí. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń kà á, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi pọ́n àkàrà. Èmi rò pé ti èmi náà ti bá àkàrà lọ.

Ó wá di oṣù kẹfà ọdún 2024. Wọ́n ní kí n lọ sí Obbo-Ilé, kí n lọ kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére agbègbè náà. Iṣẹ́ tó tọ́ sí wọn ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Arẹògún ará Osí wà nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó ohun iyebíye sí lókè òkun títí di òní? Bàńdélé ọmọ rẹ̀ náà gbẹ́gi, òun ló bá Fada Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì láàárín ọdún 1947 sí 1954. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan tó ń ya àwòrán fún wa tẹ̀lé mi. Fọ́tò ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì pè é níbí. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò rin ọ̀nà náà rí.

Láti inú gárèèjì ní Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Mo ní, "Fọ́tò, má ra búrẹ́dì kankan o. Fi inú sílẹ̀. Ibi tí a ó ti jẹun lónìí, bí o bá jẹ ẹ́ tán, o ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ ni." Dírẹ́bà Sienna tó gbé wa gbọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ibẹ̀ náà la ó yà." Inú mi dùn. Mo ní àbí ẹ ò rí nǹkan, ẹni tó mọ ọ̀nà náà mọ ibi tí oúnjẹ wà.

A débẹ̀. Ilé ti di tuntun. Táìsì ti wà nílẹ̀, àga oníke ti gba gbogbo ibẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo lókè, mọ́tò sì tò síwájú bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé odó ńlá ọjọ́sí sí, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún, wọ́n sì gbé ọmọ odó méjì dábùú lé e. Lára ògiri, lókè ibi tí wọ́n ti ń gba owó, ìwé kan wà nínú gíláàsì, ó ti pọ́n bí ewé tó gbẹ. Fọ́tò ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín rè é!" Orí mi wú. Mo ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rọra yí àga mi kí n lè máa rí i dáadáa.

Ohun tí etí mi kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé nǹkan kan kù. Kò sí ìró odó. Èrò kún inú ilé, gbogbo wọn ń pe iyán, kò sì sí ẹni tó ń gún un. A pe tiwa, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dé. Ọmọbìnrin kan ló ṣí kúlà aláwọ̀ búlúù kan, ó fa iyán mẹ́rin yọ nínú náílọ́ọ̀nù, ó ré méjì sínú àwo tèmi, méjì sínú ti Fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹjọ́ rẹ̀ bó ti yẹ, nítorí ẹjọ́ ni mo wá dá. Iyán kò ṣòroó mọ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́: iyán gidi funfun, ṣùgbọ́n funfun iṣu ni, kì í ṣe funfun ẹfun. Tiwa yìí funfun bí ẹfun. Lẹ́yìn ojú ni ọwọ́: bí a bá bu iyán gidi, á fà díẹ̀, á sì já, kò ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè. Tiwa ń yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín, ó sì ti gbẹ létí níbi tí náílọ́ọ̀nù ti ká kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọwọ́ ni ẹnu: iyán ń dùn fúnra rẹ̀, adùn iṣu á wà níbẹ̀ kí ọbẹ̀ tó dé. Tiwa kò ní adùn, kò sì ní ìkorò. Òórùn ìyẹ̀fun ló ń rùn. Póńdò ni, póńdò àárọ̀ tí wọ́n dì sínú kúlà di ọ̀sán.

Ọbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gúsí ni wọ́n pè é. Ẹ̀gúsí náà wà ní ìsàlẹ̀, omi wà láàárín, epo léfòó lókè, olúkúlùkù dá dúró bí ará ilé tó ń jà. Ìsápá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹran tèmi jẹ́ póńmọ́ kan àti egungun kan tó ti rí ọbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iyọ̀ pọ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ àná kaná lójoojúmọ́ kò lè mọ iye iyọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀. ₦3,500 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, omi inú náílọ́ọ̀nù wà lọ́tọ̀.

Fọ́tò bu òkèlè mẹ́ta, ó dáwọ́ dúró. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó wo ògiri, ó wo àwo, ó wò mí.

Bóyá kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, kí n san owó, kí n máa lọ. Àfi bàbá arúgbó kan tó jókòó sí tábìlì kejì, òun àti àwa la jọ wá nínú Sienna. Bàbá fi ìka ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn, ó pe obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ìyá olóńjẹ, ẹ jọ̀ọ́, iyán ni mo ní kí ẹ fún mi. Èyí kì í ṣe iyán."

Obìnrin náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, iyán ni o. Ẹ wo ara ògiri yẹn, àwọn oníwèé ìròyìn ló kọ ọ́. Ṣé àwọn náà ò mọ iyán ni?"

Bàbá yíjú wo ògiri. Ojú rẹ̀ kò gbé e. Ó wá kọjú sí Fọ́tò, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Fọ́tò wò mí. Mo tẹrí sí àwo mi. Ọmọ náà dìde, ó sì ka ọ̀rọ̀ mi sókè ketekete, ó kà á dé ibi tí mo ti ní ẹni tí kò bá yà síbẹ̀ kò tíì gba ọ̀nà náà. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Á jẹ́ pé ẹnu èmi ni kò dára mọ́. Àgbà ti dé." Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sọ̀rọ̀. Ẹnu bàbá dára. Ẹnu rẹ̀ dára ju ìwé mi lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ó ti ń jẹ iyán, mo sì jókòó níbẹ̀ tí mo fi bébà ọdún méjìlá sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ wa, tó ní, "Bọ̀dá, ṣé ó dùn?" mo ní, "Ó dùn gan-an. Ẹ ṣeun." Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ náà ni mo fi kọ ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí a fẹ́ gbéra ni dírẹ́bà wa jáde láti yàrá kan tó wà lẹ́yìn, ó ń ta eyín. Mo ti rí abọ́ tí wọ́n gbé wọlé fún un, ẹran inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹran gbogbo wa pọ̀. Mo bi í pé èló ni ó jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ni yóò gbé èrò méje wá tí yóò tún sanwó?" Kò tijú, kò sì purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọjọ́ pípẹ́, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ wa. Onímọ́tò ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń wo ibi tí onímọ́tò dúró sí kí á tó mọ ibi tí oúnjẹ ti dùn.

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Michelin tó ń ṣe táyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1900 fún àwọn awakọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n lè yà sí. Láti ọdún 1926 ni wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ yẹ́ ilé oúnjẹ tó bá dára sí. Ohun méjì ló wù mí nínú ètò wọn. Àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ń rán lọ tọ́ oúnjẹ wò kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń san owó ohun tí wọ́n jẹ bí oníbàárà. Èkejì, ìràwọ̀ náà kì í ṣe ogún: ọdọọdún ni wọ́n ń tún un wò, ẹni tó ní in lọ́dún yìí lè pàdánù rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà wa. Onímọ́tò ni ìwé tiwa, oúnjẹ tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Èrò tó pọ̀ níbì kan kì í wá ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ ibẹ̀ dùn. Ẹ̀rí pé mọ́tò dúró níbẹ̀ ni. Oníwèé ìròyìn bíi tèmi ló wá burú jù, nítorí onímọ́tò ń lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé mi wà lára ògiri lọ́sàn-án lóru, ó ń pe èrò wọlé.

A dé Obbo-Ilé nírọ̀lẹ́. Ilé òbí ọ̀rẹ́ mi kan ni a wọ̀ sí. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀ pé à ń bọ̀. Bí a ti jókòó, tí a fọwọ́ gba omi, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn mi: ilẹ̀ Èkìtì ni mo wà, iyán ń bọ̀, iyán gidi, tí yóò fi ojú ti ti ọ̀sán. Ìyá jáde wá, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má bínú, n kò gún iyán fún yín. Iṣu tó kù nílẹ̀ ti hù, bí a bá gún un, kókó ni yóò kún inú rẹ̀. Tí iṣu tuntun bá jáde, ẹ padà wá. Ọkà ni mo ro."

Ó gbé ọkà jáde, ọkà dúdú tó ń sọ èéfín, pẹ̀lú ilá, ọbẹ̀ ata àti ẹja gbígbẹ. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Oògùn tó bá ara mi mu ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Fọ́tò tọrọ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Bóyá màmá kan wà tí kò mọ ohun tí ìyá náà mọ̀, pé iṣu ní àsìkò. Láti ìparí oṣù keje, wọ inú oṣù kẹjọ, ni iṣu tuntun ti ń jáde, wọ́n á sì máa wa iṣu títí di àsìkò ọyẹ́. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, èyí tí wọ́n tò pamọ́ ti ń hù, gbogbo adùn rẹ̀ ti ń bá ọ̀mùnú lọ, ó sì ti wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń bọ iṣu, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́ nígbà tó bá pọ̀. Ọkà inú oṣù kẹfà kì í ṣe oúnjẹ òtòṣì, oúnjẹ ẹni tó mọ kàlẹ́ńdà ni. Nàìjíríà nìkan ló ń gbìn tó bí i méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu ayé, síbẹ̀ kò sí bí iṣu ṣe lè pọ̀ tó tí yóò sọ oṣù kẹfà di oṣù kẹsàn-án. Ilé oúnjẹ tó bá ń fún wa ní iyán kan náà, funfun kan náà, lójoojúmọ́ ọdún, kí á tún ojú wò ó.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ojúsàájú. Obìnrin yẹn kì í ṣe olè, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rọrùn. Ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣírò owó ọjà sọ pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn gan-an, owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo mọ́tò ti tán, gbogbo ohun tí mọ́tò ń gbé ni owó rẹ̀ ti gòkè, iṣu náà sì wà nínú wọn. N kò bá póńdò jà pẹ̀lú. Iṣu ló ti wá: wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́, àwọn mìíràn sì ń lú u mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tàbí ti ànàmọ́. Ẹni tó ń dá gbé ní ìlú òyìnbó, tí kò ní odó, póńdò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. N kò bá ẹ̀rọ jà. Láti nǹkan bí ọdún 1974 ni Makanjuola, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tó lè ṣe iṣẹ́ odó, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a kò ní rí ọmọ tí yóò gún un. Ó rí i tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà sì ti dé.

Ohun tí mo ń bá jà ni odó tí wọ́n kùn lọ́dà sẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá ń ta póńdò, ta póńdò, kí o pè é ní póńdò, kí o gba owó póńdò. Gbólóhùn kan tí ìyá Obbo-Ilé sọ kò ná an ní kọ́bọ̀: "N kò gún iyán." Ẹni tó sọ ohun tí kò sí fún ọ, wàá gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ tayọ̀tayọ̀.

Ní ọjọ́ kejì a rí àwọn ère tí a wá wò. Bí mo ti dúró síwájú wọn ni mo tún rí ẹ̀bi mi. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Arẹògún kú. Bí ẹnì kan bá ti yin ère rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìyìn náà kò tíì yẹ̀ dòní, nítorí ère náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń jiyàn kí ó lọ wò ó. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyán tí mo yìn ní 2012, mo ti jẹ ẹ́ tán ní 2012. Ẹni tó ń se oúnjẹ, àràárọ̀ ló ń tún orúkọ rẹ̀ gbẹ́. Ìyìn rẹ̀ kì í ju ìkòkò kan lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí à ń padà lọ sí Ìlọrin, mo ní kí dírẹ́bà yà níbẹ̀. Fọ́tò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fẹ́ jẹun ni?" Mo ní rárá, mo fẹ́ san gbèsè.

Mo sọ fún obìnrin náà pé èmi ni mo kọ ìwé ara ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n wá kí mi, ó ní kí wọ́n bu ẹran. Ó tún wá nira sí i. Mo ní kí ó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un bó ti rí: iyán, ọbẹ̀, kúlà, iyọ̀, àti bàbá arúgbó tí ó fi ìwé mi pa lẹ́nu mọ́. N kò fi oyin sí i, n kò sì fi ata sí i.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní màmá tí mo bá níbẹ̀ ni ìyá òun, ó ti kú, ó di ọdún kẹfà. Nínú àwọn ọmọ tó ń gún iyán, ọ̀kan ń gun ọ̀kadà ní Ìlọrin, òun kò mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Ó ní, "Bọ̀dá, yàtọ̀ sí bàbá ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ lójú mi. Gbogbo wọn ń ní ó dùn, wọn kì í sì í padà wá. Mo rò pé ọ̀nà ni kò dára."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwa tí à ń sọ pé "ó dùn" kí á lè tètè lọ, àwa la ba ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ń retí wa, a sì ń lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn nínú mọ́tò. A rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Pẹ̀lẹ́ kọ́, ìkà díẹ̀ ni. Bí bàbá arúgbó yẹn bá rí ẹnì kan péré tó bá a gbè é, bóyá ojú kì bá má tì í, bóyá ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà kì bá sì yàtọ̀.

A jọ sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó kọ póńdò sára pátákó, kí ó kọ iyán gígún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀, kí ó máa gún un lọ́jọ́ ọjà nìkan nígbà tí iṣu bá dára. Ó ní òun lè rí ọmọ méjì gbà lọ́jọ́ ọjà. N kò mọ̀ bóyá yóò ṣe é. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé ìwé mi kúrò lára ògiri. Ó kọ̀. Ó ní ìyá òun ló fi owó ara rẹ̀ ra gíláàsì náà, òun kò lè gbé e sọ̀.

Mo wo ìwé náà dáadáa. Ẹni tó fi sísọ́ọ̀sì gé e nínú ìwé ìròyìn ti gé ọjọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó gbà. Fọ́tò gbé àga wá, mo gùn ún, mo yọ gíláàsì náà lẹ́yìn, mo sì fi báírò kọ 2012 gàdàgbà sí igun òkè, mo dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá yà síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ọdún, kí ó tó wo ọ̀rọ̀ mi. Bí ó bá jẹun tán, tí wọ́n bá sì bi í pé ṣé ó dùn, ẹ jọ̀wọ́, kí ó sọ òótọ́ fún obìnrin náà.